Láptọ́ọ̀pù, OpenCPN àti ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n kan lórí omi Chesapeake

Ohun tí ẹ̀gbọ́n kọ́kọ́ sọ fún mi lórí fóònù ni pé vírọ́ọ̀sì ti wọ láptọ́ọ̀pù àwọn. Wọ́n ní táwọn bá ti tan án nínú ọkọ̀ báyìí, ọfà máòsì á bẹ̀rẹ̀ sí í sáré kiri ojú skríìnì fúnra ẹ̀, á máa ṣí mẹ́nù, á máa klíìkì nǹkan tẹ́nikẹ́ni ò fọwọ́ kàn, àmọ́ táwọn bá gbé e délé, kò ní ṣe nǹkan kan, dáadáa ló máa ṣiṣẹ́. Ìyẹn nìkan kọ́ o. Wọ́n ní tí OpenCPN, sọ́fúwíà tó ń fi máàpù omi àti ibi tí ọkọ̀ wà hàn lójú skríìnì, bá jàjà ṣí, orí ilẹ̀ ló máa ń gbé ọkọ̀ àwọn sí, bẹ́ẹ̀ orí omi làwọn jókòó sí, okùn ọkọ̀ ṣì wà lára èbúté. Wọ́n sì ti ń múra láti gbé ìyàwó wọn lọ sí Tilghman Island, erékùṣù kan lódìkejì omi, lópin ọ̀sẹ̀ yẹn. Mo ní "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì lọ, ẹ jẹ́ n wá wò ó ná." Wọ́n ní "Àbúrò, tètè wá o, ìyàwó mi ti ra oúnjẹ sílẹ̀."

Mo fẹ́ kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe lọ, torí mo mọ àwọn èèyàn wa míì ní Maryland níbí tó ti ní ọkọ̀ kékeré tàbí tó ń wá èyí tí wọ́n máa rà, sọ́fúwíà yìí kan náà ni wọ́n sì máa kọ́kọ́ gbé sórí láptọ́ọ̀pù nítorí pé ọ̀fẹ́ ni. Ó dáa gan an. Èmi fẹ́ràn ẹ̀. Àmọ́ ó láwọn ibi tó jẹ́ pé téèyàn ò bá yẹ̀ ẹ́ wò kó tó kúrò lẹ́bàá èbúté, omi ló máa bá a yẹ̀ ẹ́ wò.

Ọkọ̀ ìgbòkun àlòkù lọkọ̀ ẹ̀gbọ́n, Back Creek ní Annapolis ni wọ́n máa ń so ó mọ́, ìsàlẹ̀ ẹ̀ wọ inú omi tó ẹsẹ̀ bàtà 4. Láptọ́ọ̀pù Windows lásán ni wọ́n ní, pẹ̀lú GPS kékeré kan tó ní wàyà USB. Ẹni tí ò bá mọ Chesapeake Bay, apá òkun tó wọ inú ilẹ̀ ni, ó gùn tó 200 ibùsọ̀, téèyàn bá dúró láàárín ẹ̀ á rò pé òkun lòun wà, àmọ́ ìjìnlẹ̀ ẹ̀ tá a bá pín in dọ́gba ò ju bí ẹsẹ̀ bàtà 21 lọ, apá tó pọ̀ níbẹ̀ ni omi ò ti mu èèyàn dé ọrùn. Kì í ṣe omi téèyàn ń fi ojú wọ̀n.

Ti máòsì yẹn ni mo kọ́kọ́ bọ́ sí, kì í sì í ṣe vírọ́ọ̀sì rárá. GPS ló ń ṣe é. Irú GPS oní-USB bẹ́ẹ̀ máa ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀ lọ́nà àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní serial, ó ń da ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan láìsinmi, àwọn ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú $GPRMC, $GPGGA àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, NMEA 0183 lorúkọ èdè yẹn. Máòsì ayé àtijọ́ náà, serial yẹn kan náà ló ń gbà wọlé. Torí náà tí GPS bá ti wà lára kọ̀ǹpútà kó tó tan, tó ti ń sọ̀rọ̀ bí kọ̀ǹpútà ṣe ń jí, kọ̀ǹpútà lè gbọ́ ọ kó rò pé máòsì àtijọ́ ni, kó wá máa sọ ọ̀rọ̀ sátẹ́láìtì di ìrìn ọfà. Mo bi ẹ̀gbọ́n bí wọ́n ṣe ń lò ó nílé, wọ́n ní ẹ̀yìn tí láptọ́ọ̀pù bá ti tan tán làwọn máa ń ki GPS bọ̀ ọ́. Nínú ọkọ̀ ńkọ́? Wọ́n ní ibẹ̀ ló máa ń wà nígbà gbogbo, àwọn kì í yọ ọ́. Ọ̀rọ̀ ti yé wa nìyẹn.

A ṣí Device Manager, a wo abẹ́ Mice, a rí ohun kan tó ń jẹ́ Microsoft Serial BallPoint níbẹ̀, a tẹ Disable. Ẹ má tẹ Uninstall o, tẹ́ ẹ bá yọ ọ́ kúrò, ó máa tún yọjú nígbà míì tẹ́ ẹ bá tan kọ̀ǹpútà, Disable ló ń pa á mọ́ síbi tó wà. Lẹ́yìn ìyẹn a wo abẹ́ Ports, a rí nọ́ńbà COM tí GPS wà, ìyẹn nọ́ńbà tí Windows fún ojú serial tó ń gbà wọlé, a wá lọ sínú OpenCPN, Options, Connections, a yan Serial, a mú COM yẹn gan an, a fi baudrate, ìyẹn iyára tí ọ̀rọ̀ fi ń wọlé, sí 4800 torí ohun tí GPS tiwọn ń lò nìyẹn. OpenCPN ní fèrèsé kékeré kan tó máa ń fi ọ̀rọ̀ GPS hàn bó ṣe ń wọlé, ẹ ṣí i kẹ́ ẹ fojú ara yín rí i, tí àwọn ìlà $GP bá ń sáré kọjá níbẹ̀, GPS ti wọlé, tí kò bá sí nǹkan kan, kò wọlé nìyẹn, ẹ má fi àmì ọkọ̀ tó wà lórí máàpù tan ara yín. Ọ̀kan sí i: ojú USB kọ̀ọ̀kan lè ní nọ́ńbà COM tiẹ̀. Tí GPS bá wà lójú òsì lónìí tẹ́ ẹ wá fi sí ojú ọ̀tún lọ́la, OpenCPN lè máa wá a níbi tí kò sí. A lẹ téèpù pupa mọ́ ojú tó jẹ́ tiẹ̀, ẹ̀gbọ́n ní kò sẹ́ni tó máa fi nǹkan míì síbẹ̀ mọ́.

Bí a ṣe ń ṣe ìyẹn tán ni àmì ọkọ̀ yí padà láti àwọ̀ eérú sí pupa. Àwọ̀ eérú yẹn ṣe pàtàkì, òun ni OpenCPN fi ń sọ pé òun ò gbọ́ GPS, pé ibi tóun mọ̀ kẹ́yìn lòun gbé ọkọ̀ sí. Ibo ló mọ̀ kẹ́yìn? Ilé ẹ̀gbọ́n, ibi tí wọ́n ti dán an wò! Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ fi wà ní àárín ìgboro látìgbà yẹn.

Àmọ́ nígbà tó pupa tán, tó fò wá sí Annapolis, orí ilẹ̀ ló tún wà síbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wò mí. Mo sún máàpù yẹn mọ́ra, mo rí i pé kò sí máàpù omi kankan lójú skríìnì, àwòrán ilẹ̀ ayé tó bá sọ́fúwíà wá nìkan ló wà níbẹ̀. Wọ́n fi ìyẹn sínú ẹ̀ kéèyàn lè mọ apá ibi tóun wà láyé ni, etíkun ẹ̀ rí gbagidi gbagidi, odò tóóró bíi Back Creek ò sí nínú ẹ̀ rárá, kò sì ní ìjìnlẹ̀ omi kan ṣoṣo. Èèyàn ò gbọdọ̀ fi í wa ọkọ̀. Ibi tí GPS gbé ọkọ̀ sí dáa, ilẹ̀ tó wà lábẹ́ ẹ̀ ni ò dáa.

Ẹ̀gbọ́n ní àwọn ní máàpù, ọ̀rẹ́ àwọn kan ló kó o sínú flash fún àwọn. Lóòótọ́ ó wà nínú kọ̀ǹpútà, àwọn fáìlì .KAP, àmọ́ wọn ò tíì sọ fún OpenCPN pé folda yẹn wà, kò sì lè mọ̀ fúnra ẹ̀, inú Options, Charts, Add Directory lẹ ti máa sọ fún un. Ìyẹn rọrùn. Ohun tó mú mi sọ pé ká má tiẹ̀ lò ó ni pé àwòrán máàpù bébà tí wọ́n ya ni .KAP, NOAA, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí òkun àti ojú ọjọ́, ti sọ lọ́dún 2019 pé àwọn máa pa irú ẹ̀ tì díẹ̀díẹ̀, nígbà tí ọdún 2024 fi máa parí wọ́n ti pa gbogbo ẹ̀ tì. Ẹni tó bá ṣì ní in lọ́wọ́, òkú máàpù ló ní, kò sẹ́ni tó ń tún un ṣe mọ́. Ó ṣì máa ṣí, ó máa rẹwà lójú dáadáa, kò sí ohun tó máa kígbe pé ó ti pẹ́, ìyẹn gan an lewu ẹ̀.

Èyí tí NOAA ń tún ṣe báyìí ni ENC, máàpù omi tí wọ́n ṣe fún kọ̀ǹpútà, ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń gbé àtúnṣe ẹ̀ jáde, ọ̀fẹ́ ni fún gbogbo omi Amẹ́ríkà. Ọ́fíìsì tó ń ṣe é nínú NOAA, Coast Survey, ayé Ààrẹ Thomas Jefferson ló ti wà, ọdún 1807, owó orí táwa náà ń san níbí ló ń gbé e, torí náà ẹ gbà á, ẹ lò ó, ẹ̀tọ́ yín ni. Nínú OpenCPN ẹ lọ sí Chart Downloader, ẹ mú Maryland, ó máa daunlóòdù ẹ̀ fúnra ẹ̀. Ilé tí íntánẹ́ẹ̀tì ti dáa ni kẹ́ ẹ ti ṣe é. Ẹ tẹ Prepare all ENC Charts lẹ́yìn ẹ̀, torí OpenCPN máa kọ́kọ́ yí fáìlì kọ̀ọ̀kan padà sí èyí tó lè tètè yà, tẹ́ ẹ bá fi ìyẹn sílẹ̀ dìgbà tẹ́ ẹ dórí omi, ojú skríìnì lè dúró gbọnrangandan níbi tẹ́ ẹ ti nílò ẹ̀ jù. Ẹ̀gbọ́n lọ sínú ilé, wọ́n mu tíì, ó parí.

A padà sínú ọkọ̀, OpenCPN ṣí, ọkọ̀ wà nínú omi, ó pupa, ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èbúté tiwọn gan an. Inú ẹ̀gbọ́n dùn. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í wo nọ́ńbà tó wà lójú omi, ojú wọn yí padà. "Àbúrò, omi 3 nìyí o, ọkọ̀ mi 4 ni!" Mo wo sẹ́tíìnì, mítà ló wà. 3 yẹn mítà 3 ni, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹsẹ̀ bàtà 10. Máàpù bébà tí ẹ̀gbọ́n fi kọ́ṣẹ́ omi nílẹ̀ yìí, ẹsẹ̀ bàtà ni, ìdí nìyẹn. Ibi tó dáa ni àṣìrò yẹn ṣubú sí, ó kàn dẹ́rù bà wọ́n lásán. Ẹ wá yí i padà: ká ní ẹsẹ̀ bàtà ló wà lójú skríìnì tí ẹni tó ń wò ó rò pé mítà ni, ó máa rí 3, á ní omi pọ̀, á wọ ibẹ̀, ọkọ̀ á jókòó sínú ẹrẹ̀. A yí i sí ẹsẹ̀ bàtà, mo sì ní kí ẹ̀gbọ́n máa wò ó ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá tan án, torí tí wọ́n bá tún sọ́fúwíà gbé sórí kọ̀ǹpútà tuntun, mítà ló ṣeé ṣe kó padà sí.

A tún sọ fún OpenCPN pé ibi tí omi ò bá ti tó ẹsẹ̀ bàtà 7, kó kun ún ní àwọ̀ búlúù tó ki. Ẹ̀gbọ́n ní kí ló dé tí kì í ṣe 4. Torí pé ìgbà tí omi bá fà sẹ́yìn ni nọ́ńbà orí máàpù ń sọ, ìyẹn ìpíndọ́gba omi tó kéré jù lójúmọ́, ó sì dà bíi pé omi gidi á máa ju bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ ní Chesapeake, atẹ́gùn lágbára ju òṣùpá tó ń mú omi kún tó sì ń mú un fà lọ. Ìyàtọ̀ láàárín ìgbà tí omi kún àti ìgbà tó fà ní Annapolis ò ju bí ẹsẹ̀ bàtà kan lọ, ṣùgbọ́n tí atẹ́gùn àríwá ìwọ̀ oòrùn bá fẹ́ tagbáratagbára fún ọjọ́ méjì, ó máa ń gbá omi jáde kúrò nínú Bay, omi á wá kéré sí ohun tí máàpù kọ. Sọ́fúwíà ò mọ̀ nípa ìyẹn.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi ọ̀nà tí wọ́n ti là sílẹ̀ hàn mí. OpenCPN kì í lànà fún èèyàn, ẹ̀yin lẹ máa fi máòsì là á, ìlà tẹ́ ẹ bá fà náà ló máa gbà láìbi yín léèrè. Ẹ̀gbọ́n ti fa ìlà kan ṣoṣo láti ẹnu Severn River lọ sí ẹnu Knapps Narrows, ọ̀nà omi tóóró tó gba ẹ̀gbẹ́ Tilghman Island kọjá, bíi máìlì òkun 16, gbọọrọ bí ọfà. Wọ́n fà á nígbà tí máàpù ṣì kéré, tí gbogbo Bay wà lójú skríìnì. Mo ní ká sún un mọ́ra ká máa bá ìlà yẹn rìn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Thomas Point, ilé iná tó wà láàárín omi látọdún 1875, ìyẹn dáa, torí pé láàárín ilé iná yẹn àti ilẹ̀ ni omi ò ti jìn, ìlà sì gba apá òde. À ń lọ, à ń lọ, ìlà wọ Poplar Island. Ó wọ inú ẹ̀ ni o, kò yà. Erékùṣù tí wọ́n ń fi ẹrẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ lójú ọ̀nà ọkọ̀ Baltimore tún kọ́ látọdún 1998 nìyẹn, òkúta ni wọ́n tò yí i ká. Nígbà tí máàpù kéré, kò ju kínún lọ, ìlà fúnra ẹ̀ ló bò ó mọ́lẹ̀. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n dákẹ́, ó kàn ń wo ojú skríìnì.

Mi ò fi ìyẹn dá ẹ̀gbọ́n lẹ́bi rárá, torí ó ti ṣẹlẹ̀ sáwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ òkun. Lọ́jọ́ 29 oṣù kọkànlá ọdún 2014, nínú ìdíje Volvo Ocean Race tó ń yí ayé po, ọkọ̀ Team Vestas Wind sáré forí sọ òkúta ìsàlẹ̀ omi ní Cargados Carajos, àríwá ìlà oòrùn Mauritius nínú Òkun Íńdíà, lálẹ́, ní nǹkan bíi 19 knot, ìyẹn máìlì òkun 19 láàárín wákàtí kan. Àwọn mẹ́sàn án ló wà nínú ẹ̀, Ọlọ́run yọ gbogbo wọn. Máàpù orí kọ̀ǹpútà wà lọ́dọ̀ wọn, òkúta yẹn sì wà nínú máàpù, àmọ́ bí wọ́n ṣe wò ó láti òkè, kò hàn, àfi kéèyàn sún un mọ́ra ibẹ̀ gan an. Àwọn tó ṣèwádìí ẹ̀ gbé ìròyìn wọn jáde ní oṣù kẹta ọdún 2015, ọ̀rọ̀ bí máàpù kọ̀ǹpútà ṣe ń fi nǹkan pamọ́ bó bá kéré sì gba àyè púpọ̀ nínú ẹ̀. Téèyàn bá sún máàpù sẹ́yìn, kọ̀ǹpútà máa ń yọ nǹkan kúrò kí ojú skríìnì má bàa kún jù, bó ṣe yẹ kó ṣe náà nìyẹn, torí ẹ̀ ni ẹni tó là á fi gbọ́dọ̀ bá ìlà rìn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin ní ibi tí ó ti tóbi. A gbé ìlà yẹn kúrò, a ní kó gba apá ìwọ̀ oòrùn Poplar Island kọjá, kó tó wá yí sí ìlà oòrùn.

Sísún mọ́ra náà ní tiẹ̀ o. Tẹ́ ẹ bá sún un kọjá ibi tí wọ́n ṣe máàpù yẹn dé, OpenCPN máa kọ OverZoom síbẹ̀, kò sí ohun tuntun tó ń fi hàn yín mọ́, ohun kan náà ló ń fẹ̀ sí i. Ẹ sì lè tẹ máòsì ọ̀tún lórí omi kẹ́ ẹ yan Object Query, ó máa sọ bí àwọn tó ṣe máàpù ṣe dá ara wọn lójú tó nípa ibẹ̀, lẹ́tà ni wọ́n fi ń kọ ọ́. A1, ibi tí wọ́n sọ pé nǹkan wà lè fi mítà 5 yẹ̀. B, mítà 50. C, mítà 500! Nígbà tí GPS yín lè mọ ibi tẹ́ ẹ wà dé mítà díẹ̀, òkúta tó wà lórí máàpù lè wà ní ìdajì kìlómítà sí ibi tí wọ́n yà á sí. Ẹ̀gbọ́n sọ pé gbogbo ọdún táwọn ti ń wo máàpù, àwọn ò mọ̀ pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà nínú ẹ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n lọ, mo tẹ̀ lé wọn. Ká tó tú okùn, a yẹ ibi tí ọkọ̀ wà wò sí èbúté lójú máàpù. Nígbà tá a dé Thomas Point, ẹ̀gbọ́n fi kọ́ńpáàsì wo ilé iná, wọ́n fi wé ohun tí OpenCPN sọ, ó bára mu. Ó wù mí bí wọ́n ṣe ṣe é, torí pé ìgbà tí ojú ọjọ́ dáa lèèyàn ń mọ̀ bóyá kọ̀ǹpútà ń sọ òótọ́, kì í ṣe inú ìkùukùu. Oòrùn ni ọ̀tá wa lọ́jọ́ yẹn, téèyàn bá gbé láptọ́ọ̀pù síta kò ní rí nǹkan kan lójú ẹ̀, abẹ́lé nínú ọkọ̀ ló wà, orí tábìlì, èmi ni mò ń ka nọ́ńbà sókè fún wọn. A ti pa sleep, a ti sọ fún un pé kó má pa iná USB kó má bàa pa GPS, a sì ti ní kó má ṣe update kankan láàárín ìrìn. Bátìrì ọkọ̀ ló ń gba iná.

Ẹnu Knapps Narrows ni ọ̀rọ̀ gidi wà. Yanrìn ibẹ̀ máa ń rìn, Coast Guard, ẹ̀ṣọ́ etíkun Amẹ́ríkà, sì máa ń gbé àwọn buoy, àmì tó léfòó lójú omi láti fi ọ̀nà hàn, tẹ̀ lé e. A rí buoy pupa kan tó jìnnà síbi tí máàpù fi sí. Mo ní "Ẹ̀gbọ́n, èwo la máa tẹ̀ lé?" Wọn ò tiẹ̀ dá mi lóhùn, wọ́n rẹ iyára ọkọ̀ sílẹ̀, wọ́n kọjú sí buoy tí wọ́n ń fojú rí, wọ́n ní kí n máa ka depth sounder, ẹ̀rọ tó ń wọn ìjìnlẹ̀ omi, kì í ṣe láptọ́ọ̀pù. 9, 8, 7 àti díẹ̀, 8, 10. A wọlé. Ìyàwó wọn ti gbé oúnjẹ jáde ká tó so ọkọ̀ tán.

Àwọn kan ti bi mí bóyá èèyàn lè lò ó lórí ọ̀sà Èkó, láti Badagry sí Ẹ̀pẹ́. OpenCPN á ṣí níbẹ̀, GPS á ṣiṣẹ́, àmì ọkọ̀ á pupa. Ṣùgbọ́n Nàìjíríà ò ní ENC ọ̀fẹ́ irú ti NOAA yìí téèyàn kàn máa daunlóòdù, ẹni tó bá ṣí i láìra máàpù máa rí àwòrán ayé gbagidi gbagidi yẹn nìkan, èyí tó gbé ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n sórí ilẹ̀. Kó má fi í wa ọkọ̀. Kó lò ó láti fi tọ́jú ipa ọ̀nà tóun ti gbà, ìyẹn máa wúlò, kó sì bá àwọn awakọ̀ tó mọ ibẹ̀ rìn.

Ti ẹ̀gbọ́n, a ti kó gbogbo folda ENC àti sẹ́tíìnì sínú flash kan, ó wà nínú ọ̀rá tí omi ò lè wọ̀, máàpù bébà tí wọ́n tẹ̀ látinú NOAA Custom Chart wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, fóònù wọn náà ní GPS tiẹ̀. Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n máa ń ṣe àtúnṣe máàpù, kí ọ̀la tó di ọjọ́ ìmúra. Ohun tó kù ni AIS, ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ibi táwọn ọkọ̀ míì sọ pé àwọn wà, wọ́n fẹ́ máa rí àwọn ọkọ̀ ńlá tó ń lọ Baltimore lójú skríìnì kan náà, wọ́n ti ń wo èyí tí wọ́n máa rà.